Ṣé ará Ítálì ni gbogbo ọmọ ogun Róòmù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o, ọ̀jọ̀gbọ́n. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Níbi tí a ti ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 10 ní ìpàdé Bíbélì, a dé ibi tí wọ́n ti pe Kọ̀nílíù ní balógun ọ̀rún nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ítálì. Ẹnì kan ní ará Ítálì ni gbogbo ọmọ ogun Róòmù. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé àwọn ọmọ Áfíríkà, kódà aláwọ̀ dúdú, ṣọ́ odi fún Róòmù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kẹta wá ní àwọn àjèjì tí wọ́n kó wọnú iṣẹ́ ogun ló tú Róòmù ká. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ṣì í. Ẹnì kejì sún mọ́ òótọ́ dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti sọ lórí àwọ̀ ara. Ọ̀rọ̀ ẹnì kẹta ló ká mi lára jù, torí ó ti di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ láìwo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn, màá sì padà sí i.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ Kọ̀nílíù bẹ̀rẹ̀. Òkúta ibojì kan wà tí wọ́n rí ní Carnuntum, létí odò Danube, ní ilẹ̀ tó di Ọ́sítríà lónìí. Ọmọ ogun tó ni ibojì náà ń jẹ́ Proculus. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó kú, ó sì ti lo ọdún 7 lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sára òkúta náà ni pé ó wà nínú Ẹgbẹ́ Ítálì Kejì, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Róòmù, lára àwọn tafàtafà tó ti Síríà wá. Ṣùgbọ́n Rabilus ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, orúkọ tí àwọn ọba Nabatea pàápàá ń jẹ́ ní aṣálẹ̀ Arébíà, Philadelphia sì ni ìlú rẹ̀, ìyẹn Amman tó jẹ́ olú ìlú Jọ́dánì òde òní. Nǹkan bí ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Krístì ni èyí, nígbà tí ọjọ́ Kọ̀nílíù kò tíì jìnnà. Àwọn tó dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lè ti Ítálì wá lóòótọ́. Nígbà tí àwọn yẹn bá fẹ̀yìn tì tàbí tí wọ́n bá kú, ọmọ àdúgbò tí ẹgbẹ́ náà wà ni wọ́n fi ń rọ́pò wọn, orúkọ Ítálì yóò sì dúró.

Àwọn ọmọ ogun tí gómìnà Róòmù fi ń ṣàkóso Jùdíà nígbà ayé Jésù ńkọ́? Josephus, òpìtàn Júù tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìíní, jẹ́ kó yé wa pé Kesaríà àti Sebaste, tí í ṣe Samáríà àtijọ́, ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú wọn. Aládùúgbò àwọn Júù ni wọ́n, tí àárín wọn kò sì gún. Nígbà tí Hẹ́rọ́dù Àgírípà kú ní ọdún 44, ìyẹn Hẹ́rọ́dù tó wà nínú Ìṣe orí 12, àwọn ọmọ ogun yìí ṣe àríyá ní gbangba. Inú bí Késárì Claudius, ó ní kí wọ́n kó wọn lọ sí Pọ́ńtù, àwọn náà bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi dá wọn sí. Ẹni tó bá ń fojú inú wo àwọn sójà tó wà nídìí àgbélébùú bí ọmọ Ítálì, kó tún un rò.

Àdàlù yìí ti wà tipẹ́. Nígbà tí Róòmù ń bá àwọn ìlú káàkiri Ítálì ṣe àdéhùn, ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wọn dípò owó orí ni ọmọ ogun. Òpìtàn Polybius kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Krístì pé iye ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn ìlú alájọṣe ń mú wá bá ti Róòmù dọ́gba, pé ẹlẹ́ṣin wọn sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Èdè Oscan, Umbria, Etruria àti Gíríìkì làwọn yẹn ń sọ. Wọ́n ń kú fún Róòmù láìní ẹ̀tọ́ láti dìbò níbẹ̀, títí wọ́n fi dìde sí i ní ọdún 91 ṣáájú ìbí Krístì. Róòmù ní láti fún wọn ní ọlá ìbílẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú Róòmù, kí iná ogun náà tó rọlẹ̀. Nítorí náà, àpapọ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà ni "ará Ítálì" fúnra rẹ̀. Yàtọ̀ sí wọn, àwọn ẹlẹ́ṣin Numidia láti ilẹ̀ tó di Àljíríà, lábẹ́ ọba wọn Masinissa, ló ran Scipio ọ̀gágun Róòmù lọ́wọ́ láti ṣẹ́gun Hannibal ará Carthage ní Zama ní ọdún 202 ṣáájú ìbí Krístì. Julius Caesar tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Gaul, Faransé òde òní, ó fi dá odindi Légíónì kan (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá ti Róòmù) sílẹ̀, Légíónì Karùn-ún Alaudae, ó kọ́ wọn ní ìjà àwọn ará Róòmù, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún gbogbo wọn ní ọlá ìbílẹ̀.

Lábẹ́ Augustus, Késárì àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ wá fìdí múlẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Àwọn Légíónì wà, tí ọkọ̀ọ̀kan wọn ní nǹkan bí 5,000 ọmọ ogun, ọmọ onílùú Róòmù nìkan ni òfin sì gbà wọlé. Wọ́n jẹ́ 28 tẹ́lẹ̀, kí mẹ́ta tó ṣègbé nínú igbó Jámánì ní ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Krístì. Arminius, ìjòyè ẹ̀yà Cherusci ní Jámánì tó tàn wọ́n wọ inú igbó yẹn, ti jagun fún Róòmù rí, ó sì ní ọlá ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni àwọn ọmọ ogun àrànṣe, àwọn ọmọ ilẹ̀ tí Róòmù ti ṣẹ́gun tí wọn kò ní ọlá ìbílẹ̀. Òpìtàn Tacitus ní agbára ìhà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyẹn ni pé, ní ọ̀rúndún kìíní tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa yìí, bí ìdajì àwọn tó ń ru idà fún Róòmù ni òfin Róòmù fúnra rẹ̀ kò kà mọ́ ọmọ Róòmù.

Inú àwọn Légíónì náà kò sì dúró bó ṣe wà. Àwọn onímọ̀ ti ka òkúta ibojì àwọn ọmọ ogun yìí, torí wọ́n máa ń kọ ìlú wọn síbẹ̀. Lára àwọn tí a mọ ìlú wọn, nǹkan bí 65 nínú 100 ló jẹ́ ará Ítálì láti ìgbà Augustus títí dé ti Caligula. Lábẹ́ Claudius àti Nero, wọn kò pé ìdajì mọ́. Láti ìgbà Vespasian sí Trajan, wọ́n ti di bí ẹnì kan nínú márùn-ún. Láti ìgbà Hadrian lọ, wọn kò pé ẹnì kan nínú 100.

Kí ló lé wọn? Kò sẹ́ni tó lé wọn. Iṣẹ́ náà ló jìnnà, tó sì pẹ́: 20 ọdún lórí ìwé, tó máa ń di 25, ní etí odò Rhine tàbí ní aṣálẹ̀ Síríà. Ọ̀dọ́ Ítálì tó bá fẹ́ ru idà lè wọ ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ Késárì nílùú Róòmù, níbi tí owó ti pọ̀ jù, tí wọ́n sì ń fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 16. Bákan náà, Légíónì tó bá ti pẹ́ níbì kan a máa ta gbòǹgbò síbẹ̀. Òfin kò jẹ́ kí ọmọ ogun gbé ìyàwó, ṣùgbọ́n wọ́n ń bímọ. Ọmọ ológun tó dàgbà lẹ́bàá ibùdó, tó ti gbọ́ fèrè ogun láti kékeré, òun ni ọ̀gágun ń fẹ́. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn mìíràn, wọn kì í kọ ìlú kankan síwájú orúkọ wọn, "ibùdó" ni wọ́n ń kọ pé wọ́n ti wá. Ẹ wo Légíónì Kẹta Augusta tó wà ní Lambaesis ní Àljíríà: àwọn ará Ítálì àti Gaul ló pọ̀ nínú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rúndún kejì fi ń parí lọ, ọmọ Áfíríkà ló kún inú rẹ̀. Níbi tí àwọn ọmọ onílùú kò bá tó, pàápàá ní ìlà oòrùn, wọ́n lè fún ẹnì kan ní ọlá ìbílẹ̀ lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú Légíónì ní Íjíbítì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kìíní ló jẹ́ ará Galatia, àwọn kan náà tí Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí.

Ní ti àwọn ọmọ ogun àrànṣe, ọdún 25 ni wọ́n ń sìn. Bí ó bá pé, wọn a gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fín sára idẹ, tó sọ pé àwọn àti àwọn ọmọ wọn ti di ọmọ Róòmù. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú idẹ bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà títí dòní. Lójú tèmi, kò sí ohun tí ìjọba yẹn ṣe tó gbọ́n tó èyí. Ọmọ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun lè di ọmọ ogun Légíónì láìtọrọ àánú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí wàhálà kí ètò náà tó gún. Àwọn Batavi, tó ń gbé níbi tí odò Rhine ti ń wọ òkun, kì í san owó orí, ọmọ ogun nìkan ni wọ́n ń san, lábẹ́ àwọn ìjòyè tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì jìnnà sílé. Ní ọdún 69, ìjòyè wọn Julius Civilis, ẹni tó ti lo ọdún 25 ní ibùdó ogun, kó wọn dìde sí Róòmù. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rọ ọ̀tẹ̀ náà lójú, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Batavi lọ sí Bìrìtéènì. Nǹkan bí ọdún 30 lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn wà ní Vindolanda, ibùdó kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ ọ̀gá wọn Flavius Cerialis, a sì ní lẹ́tà wọn lọ́wọ́, tí wọ́n kọ sórí pátákó pẹlẹbẹ: ìwé ìpè sí ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ sí ìyàwó rẹ̀ Lepidina, àkọsílẹ̀ ọtí àti ọkà. Nínú ọ̀kan, ẹni tó kọ ọ́ ń fi ojú kéré àwọn ọmọ Bìrìtéènì, ó pè wọ́n ní orúkọ ẹ̀tẹ́. Ní ibùdó tí ọmọ àwọn ọlọ̀tẹ̀ àná ti ń ṣe ọmọ ogun ni wọ́n ti ń kẹ́gàn àwọn ọmọ ilẹ̀ bí ẹni pé Róòmù ni wọ́n bí wọn sí.

Mo fẹ́ kí ẹ kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín nípa orúkọ. Àwa Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ogun Róòmù, ilé Késárì ni wọ́n ń wò. Ẹni tí Claudius bá fún ní ọlá ìbílẹ̀, Claudius ni yóò fi ṣáájú orúkọ tirẹ̀. Ẹ ṣáà rántí olórí ogun tó mú Pọ́ọ̀lù ní Jerúsálẹ́mù, tó ní ọ̀pọ̀ owó lòun fi ra ọlá ìbílẹ̀ òun: Claudius Lysias ló ń jẹ́, Lysias sì jẹ́ orúkọ Gíríìkì. Ọmọ Íjíbítì kan wà ní ọ̀rúndún kejì, Apion, tó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ní Misenum ní Ítálì. Lẹ́tà tó kọ sí bàbá rẹ̀ Epimachus ṣì wà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òrìṣà Serapis tó yọ òun nínú ewu òkun, ó ní òun ti gba owó wúrà mẹ́ta fún ìrìn àjò, ó fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ó sì ní orúkọ òun ti di Antonius Maximus báyìí. Bí kì í bá ṣe lẹ́tà yẹn, tí a bá kàn rí Antonius Maximus lára òkúta, ta ni yóò mọ̀ pé ọmọ abúlé Íjíbítì ni? Orúkọ ẹgbẹ́ sì ń tanni jẹ bí orúkọ èèyàn. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ ti Gaul lè kún fún ọmọ Bìrìtéènì lẹ́yìn ìran méjì. Àwọn tafàtafà Síríà ló yàtọ̀ díẹ̀, torí a kì í ṣàdédé kọ́ irú ọfà tiwọn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Ẹgbẹ́ àwọn Moor ṣọ́ Aballava, ibùdó kan lára Odi Hadrian ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkúta tó dárúkọ wọn ti wà láti àárín ọdún 253 sí 258, Mòrókò àti Àljíríà òde òní sì ni ilẹ̀ àwọn Moor. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, Quintus Lollius Urbicus, ọmọ Tiddis ní Àljíríà, ti ṣe gómìnà Bìrìtéènì láti ọdún 139, òun ló sì kọ́ odi kejì ní Scotland. Lusius Quietus, ìjòyè Moor, kó àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ jagun fún Trajan, wọ́n sì gbẹ́ àwòrán wọn sára òpó Trajan ní Róòmù, pẹ̀lú irun wọn tó lọ́ wálẹ̀. Késárì Septimius Severus, ọmọ Leptis Magna ní Líbíà, York ló kú sí ní ọdún 211. Nítorí náà ẹnì kejì yín jàre: ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀, láti orí ọmọ ogun lásán dé orí Késárì. Ní ti àwọ̀, àwọn ará Róòmù kì í kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ ogun. Ìtàn kan wà pé Severus pàdé ọmọ ogun Etiópíà kan nítòsí odi náà, ṣùgbọ́n ìwé tó sọ ọ́ pẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́, ó sì kún fún àròsọ, n kò ní gbé ẹrù lé e. Àwọn ẹ̀rí tí mo kà sílẹ̀ yìí lágbára tó láìfi tirẹ̀ kún un.

Severus yìí kan náà ló parí ohun tó ti ń bọ̀. Ní ọdún 193, ó lé gbogbo ẹ̀ṣọ́ Késárì tó jẹ́ ọmọ Ítálì dànù, ó fi àwọn akíkanjú inú Légíónì etí odò Danube rọ́pò wọn. Cassius Dio tó jẹ́ aṣòfin nígbà náà fi ìríra kọ̀wé nípa ìrísí wọn àti ohùn wọn. Ní ọdún 212, ọmọ rẹ̀ Caracalla fún gbogbo ọmọ tí kì í ṣe ẹrú nínú ìjọba náà ní ọlá ìbílẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín Légíónì àti àrànṣe lábẹ́ òfin sì parẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ogun etí Danube fi ń jẹ Késárì: Claudius Kejì, Aurelian, Probus, Diocletian. Ìjọba náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ sí mẹ́ta nígbà tí Aurelian gorí oyè. Nígbà tó fi máa kú ní ọdún 275, ó ti so ó pọ̀. Ẹ bi ẹnì kẹta yín bóyá ará Ítálì ni.

Báyìí ni a dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrin, àwọn tí Róòmù ń pè ní aláìgbédè láti òdìkejì Rhine àti Danube pọ̀ sí i nínú iṣẹ́ ogun lóòótọ́. Ohun tó fà á wà nílé. Àwọn onílẹ̀ ńlá kò fẹ́ kí wọ́n kó àgbẹ̀ wọn lọ, wọ́n yàn láti san wúrà dípò èèyàn. Àwọn ọ̀dọ́ ń gé àtàǹpàkò ara wọn kí wọ́n má bàa mú wọn, débi tí Késárì Theodosius fi ṣòfin ní ọdún 381 pé kí ìlú tó bá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá fi méjì rọ́pò ẹnì kan. Síbẹ̀, àwọn àjèjì tó wọlé lẹ́yọ lẹ́yọ, tí wọ́n pín sí ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ lábẹ́ ọ̀gágun Róòmù, kò fa ìparun kankan. Láti ọdún 175 ni Marcus Aurelius ti kó 5,500 ẹlẹ́ṣin Sarmatia lọ sí Bìrìtéènì, wọ́n sì di ara ibẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 376 yàtọ̀. Ẹ̀yà Goth, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń sá fún àwọn Hun, wọ́n bẹ Késárì Valens pé kó jẹ́ kí àwọn sọdá Danube. Valens gbà, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé òun rí ọmọ ogun, tí òun yóò sì tún gba wúrà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọ̀gágun Róòmù, Lupicinus àti Maximus, ni ètò náà bọ́ sí. Ebi ń pa àwọn èèyàn yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ń ta ẹran ajá fún wọn, ajá kan fún ọmọ kan tí wọn yóò kó lẹ́rú. Ammianus, tó ti ṣe ọmọ ogun Róòmù rí, ló kọ ọ́, ìtìjú sì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn Goth dìde. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 378, ní Adrianople, wọ́n pa Valens, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ogun tó kó lọ. Ní 382, Theodosius bá wọn ṣe àdéhùn: wọ́n gba ilẹ̀ láàárín ìjọba Róòmù, wọ́n ń mú ọmọ ogun wá, ṣùgbọ́n lábẹ́ àwọn olórí tiwọn. Ọ̀nà Batavi àtijọ́ ni wọ́n tún tọ̀, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú odindi ẹ̀yà kan, kò sì sí agbára mọ́ láti tú wọn ká.

Bí Róòmù ṣe wá lò wọ́n ni mo rò pé ẹnì kẹta yín kò tíì gbọ́. Ní ọdún 394, lẹ́bàá odò Frigidus, Theodosius fi àwọn Goth síwájú ogun abẹ́lé, òpìtàn Orosius sì ní 10,000 nínú wọn ló kú lọ́jọ́ náà. Alaric, tó di olórí àwọn Goth lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó yè. Ní ìwọ̀ oòrùn, Stilicho, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Vandal tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Róòmù, ló di ìjọba mú fún ọ̀dọ́mọkùnrin Késárì Honorius. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní oṣù kẹjọ ọdún 408. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Róòmù ya lu aya àti ọmọ àwọn aláìgbédè tó ń jagun fún Róòmù, wọ́n pa wọ́n nínú àwọn ìlú Ítálì. Òpìtàn Zosimus ní 30,000 ọkùnrin ló kó ohun ìjà wọn lọ bá Alaric.

Ní ọdún 409, Alaric béèrè wúrà, ọkà àti ilẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì dábàá fún Honorius pé kó fi í joyè olórí ogun Róòmù. Honorius ní òun kò ní fi ẹ̀yà Alaric joyè láéláé. Alaric wá dín ohun tó ń fẹ́ kù, ó rán àwọn bíṣọ́ọ̀bù lọ bẹ Késárì: ó ní òun kò fẹ́ oyè mọ́, òun kò fẹ́ wúrà, kó ṣáà fún òun ní Noricum nìkan, létí Danube, àti ọkà lọ́dọọdún ní ìwọ̀n tí Késárì bá rò pé ó tó, òun yóò sì máa gbèjà Róòmù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dìde sí i. Wọ́n kọ̀ fún un ní Ravenna, níbi tí Késárì wà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 410, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ ìlú Róòmù.